Láti Ògbómọ̀ṣọ́ dé lábù ní Jàpáànì: ìlànà fún ẹni tó ń lọ gba másítà tàbí oyè ọ̀mọ̀wé nínú sáyẹ́ǹsì

Oṣù kẹrin ni ọdún ẹ̀kọ́ máa ń bẹ̀rẹ̀ ní Jàpáànì, ìdajì kejì rẹ̀ sì máa ń bẹ̀rẹ̀ ní oṣù kẹwàá. Èyí tí wọ́n bá mú ọ sí nínú méjèèjì ni kí o ti ibẹ̀ kà padà sẹ́yìn, nítorí iṣẹ́ tó wà láàárín Tákìé ní Ògbómọ̀ṣọ́ àti pápákọ̀ òfuurufú pọ̀ ju bí ọ̀pọ̀ ènìyàn ṣe rò lọ. A kọ ìlànà yìí fún àwọn tó jáde ní LAUTECH, ní Ajayi Crowther l'Ọ̀yọ́ àti ní àwọn ilé ẹ̀kọ́ tó yí wa ká, tí wọ́n ti rí ọ̀jọ̀gbọ́n tó gbà wọ́n tàbí tí wọ́n ṣì ń wá a. Ohun kan la fẹ́ kó yé ọ kí o tó ka ìyókù: lábù ni wàá máa gbé níbẹ̀, ju kíláàsì lọ, ju yàrá tí o ń sùn lọ, púpọ̀ nínú òfin lábù ni ẹnikẹ́ni kò sì ní kà sí ọ létí. Ẹni tó bá ń tètè béèrè, tó sì ń tètè jábọ̀, ara á tù ú níbẹ̀.

Ìwé àti sikọ́láṣíìpù

MEXT, sikọ́láṣíìpù ìjọba Jàpáànì, ni àwọn ọmọ wa mọ̀ jù. Ọ̀nà méjì ló ní. Èkíní gba ọ́fíìsì aṣojú ìjọba Jàpáànì tó wà ní Àbújá kọjá: fọ́ọ̀mù, ìdánwò orí ìwé ní èdè Gẹ̀ẹ́sì àti èdè Jàpáànì, lẹ́yìn náà ìfọ̀rọ̀wánilẹ́nuwò. Má sá fún ìdánwò èdè Jàpáànì nítorí pé o kò gbọ́ èdè náà. Jókòó, kọ ìwọ̀nba tí o bá mọ̀. Ẹni tó bá yege níbẹ̀ ló ń wá ìwé ìgbàwọlé lọ sọ́dọ̀ àwọn ọ̀jọ̀gbọ́n. Ní ọ̀nà kejì, yunifásítì ló ń fa orúkọ rẹ kalẹ̀ fún ìjọba, nítorí náà ọ̀jọ̀gbọ́n ni o gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ rí. Nínú méjèèjì, ẹni tí kò tíì pé ọdún 35 ni wọ́n ń wá. Owó oṣù rẹ̀ jẹ́ 143,000 yen fún kenkyusei, ìyẹn ẹni tó ń ṣe ìwádìí ṣùgbọ́n tí kò tíì wọlé fún oyè. 144,000 fún másítà. 145,000 fún ọ̀mọ̀wé. Ní àwọn agbègbè kan, wọ́n ń fi 2,000 tàbí 3,000 lé e. Ìjọba ló ń san owó ilé-ìwé àti owó ọkọ̀ òfuurufú àlọ àti àbọ̀.

Kenkyusei kò tíì jẹ́ ọmọ ilé-ìwé tó ń gba oyè. Ìdánwò ìgbàwọlé ṣì wà níwájú rẹ̀, bó bá sì kùnà, sikọ́láṣíìpù lè parí síbẹ̀. Béèrè ọjọ́ ìdánwò náà àti àwọn ìbéèrè ọdún tó kọjá lọ́wọ́ ọ̀jọ̀gbọ́n rẹ kí o tó gbéra nílé.

Lẹ́tà sí ọ̀jọ̀gbọ́n ló ń ba ti ọ̀pọ̀ jẹ́. Wọ́n á kọ ọ̀kan náà ránṣẹ́ sí gbogbo olùkọ́ tó wà nínú ẹ̀ka kan, àwọn olùkọ́ náà á sì bá ara wọn sọ ọ́, gbogbo wọn á dákẹ́. Ẹnì kan ṣoṣo ni kí o kọ̀wé sí nínú ẹ̀ka kan. Pe orúkọ ìdílé rẹ̀ bó ṣe yẹ. Sọ orúkọ rẹ, oyè rẹ, àti iṣẹ́ tí o fi parí ilé-ìwé ní gbólóhùn méjì. Dárúkọ iṣẹ́ rẹ̀ kan tí o ti kà láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, kí o sì béèrè ohun kan nípa rẹ̀ tí ẹni tó kà á nìkan lè béèrè. So ìtàn ẹ̀kọ́ rẹ àti ètò ìwádìí ojú-ewé kan mọ́ ọn. Bí ọ̀sẹ̀ méjì bá kọjá láìsí èsì, kọ ìránnilétí kúkúrú kan. Bó bá tún dákẹ́, wá ẹlòmíràn ní yunifásítì mìíràn.

Transcript ni kí o kọ́kọ́ lé, ó kéré tán oṣù mẹ́ta ṣáájú ọjọ́ tí fọ́ọ̀mù ń parí. Lẹ́yìn náà, to ìwé WAEC, sátífíkéètì, transcript àti páásípọ́ọ̀tù sí ẹ̀gbẹ́ ara wọn, kí o wo orúkọ rẹ lára wọn. Bí ọ̀kan bá ní «Oluwaseun», tí èkejì ní «Seun», lọ búra ní kóòtù nísinsìnyí, kí o sì gbé e jáde nínú ìwé ìròyìn. Orúkọ inú páásípọ́ọ̀tù ni yóò bá ọ dé ara káàdì ìgbélùú àti ìwé oyè rẹ.

Wọn yóò tún ní kí o kọ orúkọ rẹ ní katakana, lẹ́tà tí wọ́n fi ń kọ orúkọ àlejò. Kò sí «gb» níbẹ̀, Gbénga á di Gubenga. Yan bí wàá ṣe máa kọ tìrẹ, tọ́jú rẹ̀ sínú fóònù, kí o sì lo ọ̀kan náà ní báńkì, níbi tí o ti ra síìmù àti ní ilé ìwòsàn. Bí fáwẹ̀lì kan péré bá yàtọ̀ sí ti báńkì, owó tí wọ́n fi ránṣẹ́ sí ọ lè má wọlé.

Ohun tí o máa dì sínú àpò

Ẹran ni kí o kọ́kọ́ yọ kúrò: ẹran gbígbẹ, pọ̀nmọ́, kílíṣí, adìyẹ díndín, sọ́séèjì. Òfin Jàpáànì kò gbà á wọlé láìsí ìwé ìjọba orílẹ̀-èdè tó ti wá, ìtanràn rẹ̀ sì lè tó 3,000,000 yen tàbí ẹ̀wọ̀n ọdún mẹ́ta. Ìyá tó ń di ẹrù fún ọ lè fi ẹran gbígbẹ sí abẹ́ aṣọ nítorí ìfẹ́. Tú àpò náà fúnra rẹ kí o tó kúrò nílé. Iṣu tútù, ewébẹ̀ tútù, èso àti irúgbìn ń fẹ́ ìwé àyẹ̀wò láti ọ̀dọ̀ àjọ tó ń bójú tó àrùn ohun ọ̀gbìn ní Nàìjíríà. Èlùbọ́, gàrí àti láfún, di wọ́n sínú ọ̀rá tó nípọn, kọ ohun tó jẹ́ sí i lára ní Gẹ̀ẹ́sì, kí o sì fi hàn àwọn òṣìṣẹ́ àyẹ̀wò kí wọ́n tó béèrè. Láfún funfun nínú ọ̀rá tí kò ní orúkọ á dá ọ dúró.

Bí iṣẹ́ rẹ bá jẹ mọ́ ilẹ̀, kòkòrò tàbí àrùn irè oko, gbọ́ èyí dáadáa: erùpẹ̀ kò gbọdọ̀ wọ Jàpáànì, bó ti wù kó kéré mọ. Èyí tó lẹ̀ mọ́ gbòǹgbò tàbí mọ́ bàtà oko wà lára rẹ̀. Àṣẹ pàtàkì láti ọ̀dọ̀ iléeṣẹ́ ìjọba wọn tó ń mójú tó iṣẹ́ àgbẹ̀ ló lè ṣí ọ̀nà fún un, lábù tó ń gbà ọ́ ló sì máa tọrọ rẹ̀. Ó ń pẹ́. Bí ìwádìí rẹ kò bá lè ṣe láìsí erùpẹ̀ oko Ògbómọ̀ṣọ́, sọ fún ọ̀jọ̀gbọ́n ní ọ̀pọ̀ oṣù ṣáájú, má ṣe fi ọwọ́ ara rẹ gbé e.

Oògùn tí dókítà kọ fún ọ, ti oṣù kan ni o lè kó wọlé láìgba àṣẹ. Èyí tí ènìyàn ń rà fúnra rẹ̀ ní ṣọ́ọ̀bù, ti oṣù méjì. Oògùn ọ̀fìnkìn tó ní pseudoephedrine ju ìdá mẹ́wàá nínú ọgọ́rùn-ún lọ jẹ́ èèwọ̀ pátápátá. Oògùn ikọ́ tó ní codeine náà lè kó ọ sí wàhálà, fi í sílẹ̀. Jàpáànì kò ní ibà ẹ̀fọn, ọ̀pọ̀ dókítà wọn kò sì rí i rí. Bí ara rẹ bá gbóná ní oṣù àkọ́kọ́, gbólóhùn tí o máa kọ́kọ́ sọ ní ilé ìwòsàn ni pé láti ìlú tí ibà wà lo ti dé, kí wọ́n yẹ ẹ̀jẹ̀ rẹ wò fún un. Kí lábù mọ èyí pẹ̀lú, bó bá di pé o kò lè sọ̀rọ̀.

Iná wọn jẹ́ 100 volts, sọ́kẹ́ẹ̀tì wọn sì ń gba irin pẹlẹbẹ méjì. Áyọ́ọ̀nù àti ẹ̀rọ ìlọta tí o ń lò nílé kò ní lágbára tó níbẹ̀, fi wọ́n sílẹ̀. Ṣájà kọ̀ǹpútà alágbèéká tí wọ́n kọ 100–240V sí lára kò ní ìṣòro, orí rẹ̀ nìkan lo máa pààrọ̀. Ọkùnrin tí ẹsẹ̀ rẹ̀ bá ju 28 sẹ̀ǹtímítà lọ, kó ra bàtà nílé, nítorí ó ṣòro láti rí ńlá níbẹ̀. Ẹni tó lè gẹ irun tàbí dirun fún wa ṣọ̀wọ́n lẹ́yìn àwọn ìlú ńlá: kí ọkùnrin wá ẹ̀rọ ìgẹrun tó ń gba iná 100–240V, kí obìnrin kó irun àti òwú tó máa tó o lò fún oṣù mẹ́fà. Fi ike òrí kan kún un. Òtútù ibẹ̀ ń gbẹ awọ ara ju ọyẹ́ lọ.

Owó oṣù àkọ́kọ́ kì í wọlé lọ́jọ́ tí o bá dé, ó lè di ìparí oṣù tó tẹ̀ lé e. Mú owó tó tó $2,000 dání fún yàrá, ibùsùn, fóònù àti oúnjẹ.

Ọjọ́ mẹ́rìnlá àkọ́kọ́

Ní àwọn pápákọ̀ ńlá bíi Narita, Haneda, Chubu àti Kansai, ojú ẹsẹ̀ ni wọ́n ń fún ọ ní káàdì ìgbélùú, tí wọ́n ń pè ní zairyu kaado. Ibẹ̀ náà ni kí o ti fi fọ́ọ̀mù àṣẹ iṣẹ́ abọ́ọ̀ṣẹ́ sílẹ̀, bó o tilẹ̀ rò pé o kò ní ṣe é. Òfin gba wákàtí 28 lọ́sẹ̀, àti wákàtí 8 lójúmọ́ nígbà ìsinmi gígùn ilé-ìwé. Ẹni tó bá kọjá ààlà yìí lè pàdánù físà rẹ̀. Káàdì yìí kò gbọdọ̀ kúrò lára rẹ. Bó bá sọnù, ọjọ́ mẹ́rìnlá lo ní láti tọrọ òmíràn.

Nígbà tí o bá ti ní àdírẹ́ẹ̀sì, ọjọ́ mẹ́rìnlá náà lo ní láti dé ọ́fíìsì ìlú, shiyakusho tàbí kuyakusho. Bẹ yunifásítì kí wọ́n fún ọ ní akẹ́kọ̀ọ́ kan tó máa sìn ọ́ lọ. Ọ̀pọ̀ nínú wọn ní ètò bẹ́ẹ̀. Lọ́jọ́ kan náà ni kí o ṣe ohun mẹ́ta:

1. Kí wọ́n kọ àdírẹ́ẹ̀sì rẹ sí ẹ̀yìn káàdì. Nọ́ńbà ìdánimọ̀ tó ní dígíìtì méjìlá, My Number, á tẹ̀ lé e.
2. Forúkọ sílẹ̀ fún ìṣúrà ìlera ìjọba, kokumin kenko hoken. Ìdá 30 nínú ọgọ́rùn-ún owó ìwòsàn ni wàá máa san, ìṣúrà á san ìyókù. Sọ fún wọn pé o kò ní owó tó ń wọlé lọ́dún tó kọjá, kí wọ́n lè dín owó tí wọ́n ń gbà lóṣooṣù kù. Ẹni tí kò bá sọ, kì í rí ìdínkù náà.
3. Owó ìfẹ̀yìntì, kokumin nenkin. Gbogbo ẹni tó wà láàárín ọdún 20 sí 59 ló kàn, ó sì lé ní 17,000 yen lóṣù. Kọ fọ́ọ̀mù ìdásílẹ̀ ti akẹ́kọ̀ọ́. Kenkyusei máa kọ ti gbogbogbòò. Ọdọọdún ni wọ́n ń kọ ọ́. Má ṣe ju lẹ́tà wọn nù nítorí pé o kò lè kà á.

Báńkì á béèrè nọ́ńbà fóònù, iléeṣẹ́ fóònù á béèrè báńkì. Ohun tó ń tú okùn yìí ni kí o lọ bá ọ́fíìsì àwọn akẹ́kọ̀ọ́ àjèjì kí o tó lọ sí èyíkéyìí, wọ́n mọ báńkì tó ń gba ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé. Ẹni tó wà lórí MEXT gbọ́dọ̀ fọwọ́ sí ìwé ní yunifásítì lóṣooṣù. Oṣù tí kò bá fọwọ́ sí, owó oṣù náà kò ní wọlé.

Yàrá yunifásítì ni kí o kọ́kọ́ gbà. Ilé ìta ń fẹ́ shikikin, owó ìdúró tí wọ́n lè dá díẹ̀ padà nínú rẹ̀, reikin, owó ìdúpẹ́ fún onílé tí kì í padà, owó oṣù kan ṣáájú, àti onídùúró. Ó lè tó owó ilé oṣù mẹ́rin tàbí márùn-ún lẹ́ẹ̀kan.

Inú lábù

Lábù Jàpáànì ní àtẹ̀gùn tirẹ̀. Ọ̀jọ̀gbọ́n àgbà ló wà lókè, igbákejì rẹ̀ tẹ̀ lé e, lẹ́yìn náà olùkọ́ kékeré tí wọ́n ń pè ní jokyo. Lẹ́yìn wọn ni D3, D2, D1 tó ń ṣe ọ̀mọ̀wé, M2 àti M1 tó ń ṣe másítà, àti B4 tó wà ní ọdún ìparí dìgírì àkọ́kọ́. Jokyo ni kí o sún mọ́. Òun ló sábà máa ń mọ ẹ̀rọ wo ló bàjẹ́ àti fọ́ọ̀mù wo ló kù. Gbogbo olùkọ́ ni sensei. Ẹni tó wọ lábù ṣáájú rẹ ni senpai rẹ, «san» ni o sì máa fi sẹ́yìn orúkọ ìdílé rẹ̀. Ó lè le díẹ̀ fún ẹni tí a tọ́ l'Ọ̀yọ́: ọmọ ọdún 23 lè máa kọ́ ẹni ọdún 32 bí a ti ń lo ẹ̀rọ, á sì máa sọ ohun tó yẹ kó ṣe fún un. Ọdún tí kálukú wọlé ni wọ́n ń kà níbẹ̀. Gba ẹ̀kọ́ lọ́wọ́ rẹ̀ tayọ̀tayọ̀, kí o sì dúpẹ́.

Orí ni wọ́n ń tẹ̀ ba, wọn kì í dọ̀bálẹ̀. Dúró, jẹ́ kí ẹ̀yìn rẹ gún, tẹ̀ láti ìbàdí: bíi dígírì 15 fún ẹni tí ẹ pàdé ní ọ̀dẹ̀dẹ̀, 30 fún sensei, 45 fún ìdúpẹ́ ńlá tàbí ẹ̀bẹ̀. A mọ̀ pé ara ọmọ Yorùbá á fẹ́ wólẹ̀ nígbà tó bá kọ́kọ́ rí àgbà tó mú un wá sí ìlú. Má ṣe é. Kí ènìyàn kúnlẹ̀ kó fi iwájú orí kan ilẹ̀, dogeza, ẹ̀bẹ̀ lórí ẹ̀ṣẹ̀ ńlá ni wọ́n ń fi í ṣe. Bí o bá ṣe é ní ọ̀dẹ̀dẹ̀, ojú á ti ọ̀jọ̀gbọ́n, àwọn tó ń wò á sì máa rò pé nǹkan burúkú ti ṣẹlẹ̀. Ohun tí wọ́n kọ́ ọ nílé nípa ọwọ́ òsì ṣì wúlò, nítorí ọwọ́ méjèèjì ni wọ́n fi ń fúnni ní nǹkan, òun ni wọ́n sì fi ń gbà á.

Kọ́ ìkíni mẹ́rin kí o tó débẹ̀. «Ohayo gozaimasu» nígbà tí o bá wọlé láàárọ̀. «Otsukaresama desu» ní gbogbo ibi tí a ti máa ń sọ pé ẹ kú iṣẹ́. «Osaki ni shitsurei shimasu» bí o bá ń lọ sílé tí àwọn mìíràn ṣì wà lẹ́nu iṣẹ́. «Yoroshiku onegaishimasu» lẹ́yìn tí o bá ti fi ara rẹ hàn tàbí tọrọ nǹkan. Jíjáde láìkí ẹnikẹ́ni burú níbẹ̀ gẹ́gẹ́ bó ṣe burú lọ́dọ̀ wa.

Bí wọ́n bá ní aago mẹ́wàá, jókòó sórí àga ní aago mẹ́wàá ku ìṣẹ́jú márùn-ún. Bó bá dá ọ lójú pé wàá pẹ́, ránṣẹ́ kí àkókò tó pé. Bó bá jẹ́ pé ọkọ̀ ojú irin ló pẹ́, òṣìṣẹ́ ibùdókọ̀ á fún ọ ní ìwé kékeré tó jẹ́rìí sí i, gbà á kí o mú un wá. Béèrè wákàtí tí gbogbo ènìyàn gbọ́dọ̀ wà ní lábù, tí wọ́n ń pè ní koa taimu. Àwọn kan ní in, àwọn kan kò ní. Dídúró di òru láìsí iṣẹ́ nítorí pé senpai rẹ ṣì jókòó kì í mú ìwádìí yá. Ṣe iṣẹ́ rẹ, kí wọn, máa lọ.

Ibi tí ìṣòro ti pọ̀ jù fún àwọn ọmọ wa nìyí. Lọ́dọ̀ wa, ẹni tó bá ba nǹkan jẹ́ sábà máa ń gbìyànjú láti tún un ṣe kí àgbà tó gbọ́. Ní lábù Jàpáànì, fífi pamọ́ gan-an ló ń ba ìgbẹ́kẹ̀lé jẹ́. Wọ́n ń kọ́ òṣìṣẹ́ tuntun ní ohun mẹ́ta tí wọ́n kó jọ sí horenso: jábọ̀, fi tó ni létí, gba ìmọ̀ràn. Ìgò fọ́, ẹ̀rọ dákẹ́, kòkòrò wọ inú sẹ́ẹ̀lì tí o ń gbìn: sọ ọ́ ní wákàtí yẹn. Kọ íméèlì kúkúrú sí sensei ní gbogbo ọjọ́ Ẹtì, gbólóhùn márùn-ún tó: ohun tí o ṣe, ohun tó ṣiṣẹ́, èyí tí kò ṣiṣẹ́, ohun tí o rò pé ó fà á, ohun tó kàn. Oṣù mẹ́ta irú lẹ́tà yìí á jẹ́ kí sensei mọ bí o ṣe ń ronú, á sì tètè rí ibi tí o ti ń ṣìnà.

Sensei kì í sábà jágbe, kì í sì í sábà sọ «rárá». Bó bá ní «muzukashii desu ne», pé ó le díẹ̀, rárá ló sọ yẹn. Bó bá ní òun á rò ó, tí ọ̀sẹ̀ méjì kọjá, rárá náà ni. Tìrẹ náà, má máa dáhùn «yes sir» sí ohun tí kò yé ọ. «Hai» wọn túmọ̀ sí pé wọ́n gbọ́ ọ, kò fi dandan túmọ̀ sí pé wọ́n gbà. Ìbéèrè tó ń yanjú rẹ̀ ni èyí tó ní ìdáhùn méjì péré: «Ṣé kí n ṣe é lọ́sẹ̀ yìí, àbí kí n fi í sílẹ̀?» Tún ohun tí o gbọ́ sọ fún un kí o tó kúrò lọ́dọ̀ rẹ̀, kí o sì kọ ọ́ ránṣẹ́ lọ́jọ́ náà.

Ìpàdé ọ̀sẹ̀, zemi, ni wọ́n ti ń yẹ iṣẹ́ kálukú wò. Bí ó bá kan ọ, fi ohun tí o máa sọ han senpai kan ní ọjọ́ méjì ṣáájú. Máa tẹ̀ lé àkókò tí wọ́n dá fún ọ. Fi èyí tí kò ṣiṣẹ́ hàn pẹ̀lú èyí tó ṣiṣẹ́. Nígbà tí ẹlòmíràn bá ń sọ tirẹ̀, gbogbo ilé lè dákẹ́. Múra ìbéèrè kan sílẹ̀ kí o sì bi í.

Ẹ̀rọ ńlá bíi NMR àti HPLC ní ìwé tí wọ́n ń kọ orúkọ sí. Má lò ó láìkọ, má kọjá àkókò rẹ, kí o sì kọ ohun tó ṣẹlẹ̀ sínú ìwé rẹ̀ nígbà tí o bá parí. Ìwé àkọsílẹ̀ iṣẹ́ rẹ gbọ́dọ̀ jẹ́ èyí tí wọ́n rán pọ̀, bírò ni kí o fi kọ ọ́, pẹ̀lú déètì. Lábù ló ni ín, kò ní bá ọ wálé. Kẹ́míkà olóró wà nínú kọ́bọ́ọ̀dù tí wọ́n ń tì pa, ìwọ̀n tí o bá mú ni o gbọ́dọ̀ kọ sílẹ̀. Kò sí omi kẹ́míkà kankan tó ń wọ sínk. Èyí tó ní chlorine àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ní àmù tirẹ̀, èyí tí kò ní in ní tirẹ̀, ásíìdì ní tirẹ̀, èyí tó ní irin olóró ní tirẹ̀. Omi àkọ́kọ́ àti ìkejì tí o fi ṣan ìgò náà, inú àmù ni wọ́n ń lọ. Bí o bá da méjì tí kò bára mu pọ̀, ó lè gbóná tàbí kó yọ gáàsì, gbogbo ilé lè jáde sí ìta nítorí rẹ. Lọ sí ìdánilẹ́kọ̀ọ́ ààbò kí o tó fọwọ́ kan ìgò kankan, kí o sì béèrè ìtumọ̀ ohun tí wọ́n kọ sára àmù kọ̀ọ̀kan. Fọ́tò rẹ̀ nínú fóònù á ràn ọ́ lọ́wọ́ títí wàá fi mọ lẹ́tà wọn.

Ní oṣù àkọ́kọ́, béèrè èyí ní tààrà: ìwé ìwádìí mélòó ni ẹ̀ka yìí ń fẹ́ kí ènìyàn tó gba ọ̀mọ̀wé, ṣé orúkọ rẹ̀ gbọ́dọ̀ wà níwájú, ṣé Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n fi ń kọ tẹ́sísì? Ó yàtọ̀ láti ẹ̀ka dé ẹ̀ka. Ẹni tí kò bá béèrè títí di ọdún kẹta á rí i pé àkókò ti lọ.

Lábù á tún máa jẹun pọ̀: kangeikai láti kí ọ káàbọ̀, bonenkai ní oṣù kejìlá. Lọ. Ibẹ̀ ni sensei ti ń sọ ohun tí kì í sọ ní ọ́fíìsì. Mùsùlùmí àti ẹni tí kì í mu ọtí lè ní «osake wa nomemasen» kó sì mu tíì ulong, kò sí ẹni tó máa fi dandan lé e. Bu nǹkan mímu sí kọ́ọ̀bù ẹni tó wà ní ẹ̀gbẹ́ rẹ, òun náà á bu tìrẹ.

Oúnjẹ

Ilá wà ní gbogbo súpámáàkẹ́ẹ̀tì, okura ni wọ́n ń pè é. Ewédú gan-an ni èyí tí wọ́n ń tà nígbà ooru ní orúkọ moroheiya. Rà á púpọ̀ nígbà tó bá jáde, já a, bọ̀ ọ́ fẹ́rẹ́, kí o sì fi sínú ẹ̀rọ amúǹkandì fún ìgbà òtútù. Nagaimo jọ iṣu lójú, ṣùgbọ́n omi rẹ̀ pọ̀, ó ń yọ̀, kò ṣe é gún. Natto, ẹ̀wà sóyà tí wọ́n ń sé, ní òórùn tó sún mọ́ ti irú. Àwọn ọmọ wa kan ń fi í sínú ọbẹ̀. Fún gbẹ̀gìrì, ẹ̀wà wà ní ṣọ́ọ̀bù àwọn ará Índíà, Pakistan àti Bangladesh, níbi tí ẹran halal náà wà. Má ṣe yí irú tàbí se ẹja gbígbẹ nínú ilé àjùmọ̀gbé láìṣí fèrèsé, kí o sì tan fáànù orí ààrò. Òórùn ló ń fa ẹjọ́ jù lẹ́yìn ariwo.

Mùsùlùmí gbọ́dọ̀ kọ́ àmì méjì yìí kó tó ra ohunkóhun: 豚, ẹlẹ́dẹ̀, àti 酒, ọtí. Mirin, tí wọ́n ń sè sí ọ̀pọ̀ ọbẹ̀, ní ọtí nínú.

Bí o bá ń fi igi méjì wọn jẹun, má gún un dúró sínú ìrẹsì, má sì fi igi tìrẹ gba oúnjẹ lára igi ẹlòmíràn. Ohun tí wọ́n ń ṣe fún òkú ni méjèèjì.

Ilé, pàǹtí àti kẹ̀kẹ́

Bọ́ bàtà lẹ́nu ilẹ̀kùn, kọ orí rẹ̀ sí ìta. Sálúbàtà ilé ìgbọ̀nsẹ̀ kì í jáde sí yàrá, sálúbàtà kankan kì í sì í gun ẹní tatami. Omi ẹ̀rọ wọn ṣe é mu.

Pàǹtí ni onílé fi ń mọ àjèjì tó dára. Ọ́fíìsì ìlú á fún ọ ní kàlẹ́ńdà rẹ̀: ọjọ́ èyí tó ń jó, ọjọ́ ike, ọjọ́ ìgò àti agolo, ọjọ́ èyí tí kì í jó. Ní ìlú mìíràn, ọ̀rá tí ìjọba ń tà nìkan ni wọ́n ń gbà. Àárọ̀ ọjọ́ náà ni kí o gbé e síta, má gbé e lóru, nítorí ẹyẹ á tú u. Fọ ìgò omi, ṣí ìdérí rẹ̀, bó ìwé ara rẹ̀. Èyí tí o bá dà pọ̀, wọ́n á lẹ ìwé pupa mọ́ ọn, wọ́n á sì fi sílẹ̀ níbẹ̀ kí gbogbo àdúgbò rí i.

Apá òsì ni wọ́n ń gbà lójú títì. Kẹ̀kẹ́ rẹ gbọ́dọ̀ ní ìwé ìforúkọsílẹ̀, bohan toroku. Bó bá jẹ́ pé ẹnì kan ló fún ọ, gba ìwé rẹ̀ kí ọlọ́pàá tó dá ọ dúró. Má gbé ènìyàn sẹ́yìn, má di agbòòrùn mú lórí rẹ̀, má tẹ fóònù, tan iná lálẹ́.

Ilẹ̀ ríri

Ẹni tó dàgbà ní Ògbómọ̀ṣọ́ kò mọ̀ ọ́n lára. Ní ọjọ́ 11 oṣù kẹta ọdún 2011, ilẹ̀ mì ní apá ìlà-oòrùn àríwá Jàpáànì ní ìwọ̀n 9.0, omi òkun sì kọlu etíkun. Nítorí náà, mú ọ̀rọ̀ yìí ní òkúnkúndùn láti ọjọ́ kìíní. Fóònù rẹ á dún ní ìṣẹ́jú-àáyá díẹ̀ ṣáájú: wọ abẹ́ tábìlì, bo orí, di ẹsẹ̀ tábìlì mú, má sáré síta lójú ẹsẹ̀, gíláàsì ń jábọ́. Bó bá dúró, pa gáàsì, ṣí ilẹ̀kùn. Bí o bá wà létíkun, gun ibi gíga láìdúró de ìkìlọ̀. Ní lábù, má to ìgò ásíìdì sí orí pẹpẹ gíga, kí o sì rí i pé wọ́n de sílíńdà gáàsì mọ́ ògiri ní ibi méjì. Fi omi lítà mẹ́sàn-án pamọ́ sínú yàrá, lítà mẹ́ta lójúmọ́ fún ọjọ́ mẹ́ta, pẹ̀lú tọ́ọ̀ṣì, oúnjẹ gbígbẹ, owó kéékèèké àti ẹ̀dà páásípọ́ọ̀tù. 119 ni wọ́n ń pè fún iná àti ọkọ̀ aláìsàn, 110 fún ọlọ́pàá.

Òtútù, ìdánìkanwà, àti ìpè sílé

Nínú oṣù kejìlá, ilẹ̀ ti ń ṣú ní Tokyo ní bíi aago mẹ́rin ààbọ̀ ìrọ̀lẹ́. Ìgbà yẹn ni ọkàn àwọn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé ń rẹ̀wẹ̀sì jù, wọ́n á sì máa rò pé ìwádìí ló ń dà wọ́n láàmú. Jáde nígbà tí oòrùn ṣì wà, lọ́sàn-án, fún ìdajì wákàtí. Wá ṣọ́ọ̀ṣì tàbí mọ́ṣáláṣí kan kí òtútù tó bẹ̀rẹ̀. Yunifásítì ní àwọn agbaninímọ̀ràn tí wọn kì í gba owó. Lílọ síbẹ̀ kì í wọ ìwé èsì rẹ, sensei kò sì ní gbọ́ láìjẹ́ pé ìwọ lo fẹ́ kó gbọ́.

Jàpáànì fi wákàtí mẹ́jọ ṣáájú wa. Bí ìyá rẹ bá fẹ́ pè ọ́ ní aago mẹ́jọ alẹ́ lẹ́yìn ọjà, aago mẹ́rin òru ló jẹ́ fún ọ. Ẹ fi ìpè sí aago mẹ́ta sí márùn-ún ọ̀sán Sátidé ti Jàpáànì, tó jẹ́ aago méje sí mẹ́sàn-án àárọ̀ nílé. Sọ fún wọn kí o tó lọ pé bí o kò bá gbé fóònù láàárín ọ̀sẹ̀, inú lábù lo wà.

Bí o bá fẹ́ wálé

Sọ fún sensei ní oṣù kan tàbí méjì ṣáájú, kí o sì kọ ọ́ sí kàlẹ́ńdà lábù. Ní pápákọ̀ Jàpáànì, fọ́ọ̀mù kékeré kan wà tí o máa kọ. Ààmì tó ní o máa padà láàárín ọdún kan ni kí o fà sí i. Bí o bá gbàgbé rẹ̀, físà rẹ ti parí nìyẹn, wàá tún bẹ̀rẹ̀ ní Àbújá. Káàdì ìgbélùú náà gbọ́dọ̀ wà lọ́wọ́ rẹ ní àlọ àti àbọ̀, má fi í sínú ẹrù tí o jọ̀wọ́ fún ọkọ̀ òfuurufú.

Nígbà tí o bá ń padà, mú omiyage lọ fún lábù: ìpápánu tí wọ́n di ní ẹyọ kọ̀ọ̀kan, tí yóò kárí gbogbo ènìyàn, tí kò sì ní ẹran. Ṣínṣíìn tí o rọ́ sínú ọ̀rá kéékèèké, tí o kọ ohun tí wọ́n fi ṣe é sí i lára, á dára. Fún sensei, ẹ̀yà aṣọ òkè Ìsẹ́yìn kékeré kan tó. Ẹ̀bùn olówó ńlá á ni ín lára, nítorí á rò pé òun gbọ́dọ̀ san án padà. Gbé ti lábù sórí tábìlì àjùmọ̀lò ní àárọ̀ ọjọ́ tí o bá padà sẹ́nu iṣẹ́, kọ orúkọ rẹ àti orúkọ ìlú rẹ sí bébà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, kí o sì lọ kí sensei ní ọ́fíìsì rẹ̀ kí o tó tan kọ̀ǹpútà.